Iná Inú Ọ̀rá

Bí mo bá rí àga tuntun tí wọn ò tíì bọ́ ọ̀rá ara rẹ̀, ọkọ àǹtí mi ni mo máa ń rántí, ẹni tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé wa kọjá odò Mónò. Tọ́ntọ́n la máa ń pè é. Ta ló mọ nǹkan tọ́jú bíi tirẹ̀? Ó ra iná sí iwájú ọkọ̀, kí àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì lè rí wa nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n kò bọ́ ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ọjà Atakpamé.

"Nǹkan kì í gbó lọ́wọ́ mi," ló máa ń wí.

Nígbà tí eruku ọyẹ́ bo ọ̀rá náà, iná ń ṣe bàìbàì bí ojú ẹni tí oorun ń kùn. Tọ́ntọ́n tún un ṣe: ó pààrọ̀ bátìrì, ó pààrọ̀ wáyà, ó bú ẹni tó tà á. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ọ̀rá, àmọ́ ẹnu mi ò gbé e. Mo kàn ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Tọ́ntọ́n."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì kan kọrí sí wa tààrà. Gbogbo wa pariwo. Ó yà bàrá, ó ha iwájú ọkọ̀ wa, ó sì fa ọ̀rá náà ya. Ojú omi mọ́lẹ̀ kedere.

Awakọ̀ náà kígbe: "Bàbá, ẹ ní iná tó báyìí, ẹ wá ń fi í pamọ́?"

 Tọ́ntọ́n ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá ibi tí wọ́n ti ń pa iná. "Ẹ wo bó ṣe ń jẹ bátìrì mi!"