Òdòdó Tó Ní Ibà Pọ́njú

Bí ẹ bá fẹ́ kí Aránṣọ rẹ́rìn-ín, ẹ kàn mẹ́nu ba ọjọ́ tí Bàbá Rédíò gbé òdòdó lọ sí ilé ìwòsàn. Ṣe ni bàbá gbé ìkòkò òdòdó lé itan láàárín àwọn ìyá ọlọ́mọ, tó jókòó jẹ́ẹ́ títí ó fi kàn án.

Nọ́ọ̀sì wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. "Bàbá, aláìsàn yín dà?"

"Òun nìyí. Ewé ẹ̀ ń pọ́n. Ibà pọ́njú ni mo fura sí."

"Bàbá, òdòdó mà nìyí!"

"Ṣé mo pè é léèyàn ni? Oògùn ni mo ní kẹ́ ẹ fún un. Kẹ́ ẹ sì dín in kù o, ara ẹ̀ kéré."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí tó fi fọwọ́ ti ògiri. Bàbá bínú, ó gbé aláìsàn rẹ̀, ó kọrí sílé.

Rédíò ni bàbá ń tún ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ohun tó lè bàjẹ́ láyé yìí tó gbà pé kò ní àtúnṣe. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ ti fọ́n ká, ilé wá dákẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Ó sọ fún Aránṣọ, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀, pé òun ra òdòdó náà kí nǹkan ẹlẹ́mìí mìíràn lè wà nínú yàrá. Kò pẹ́ tó gbé e délé tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tí ọrùn rẹ̀ sì tẹ̀.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó tà á fún un ní bóyá ìmọ́lẹ̀ ni kò tó o. Bàbá so gílóòbù ńlá lé e lórí, gílóòbù náà sì jó ewé tó gùn jù nínú wọn. Ó wá ní òun á tú u wò bí wọ́n ti ń tú rédíò. Ó fà á tu, ó tẹ́ gbòǹgbò rẹ̀ sórí tábìlì, ó yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, ó sì tò ó padà.

"Kò sí wáyà kankan tó já," ló wá sọ fún Aránṣọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé ìkòkò náà wọ ṣọ́ọ̀bù. Kò ṣàwàdà rárá lọ́jọ́ náà.

"Ọmọ mi, bá mi wò ó. Mi ò fẹ́ kí eléyìí náà kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Àánú rẹ̀ ṣe Aránṣọ. Ó ki àtàǹpàkò bọ inú iyẹ̀pẹ̀, omi sun jáde.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ̀ ń bomi sí i?"

"Ìgbàkígbà tí mo bá fẹ́ mumi. Ṣé kí n máa dá nìkan mu ún lójú ẹ̀ ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Aránṣọ, ṣùgbọ́n kò lè rín in. "Omi ló ń pa á, bàbá. Ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀. Bí ọwọ́ bá ti ń yún yín láti bomi sí i, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi."

Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ni bàbá ń wá jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, tó ń ròyìn. Òdòdó ti nàró. Òdòdó ti yọ ewé tuntun. Òdòdó ti kọjú sí fèrèsé. Bí Aránṣọ bá ní òun fẹ́ wá wò ó, bàbá á ní ó ń sinmi, kò fẹ́ àlejò. Ó tún ń bá a dá àwọn oníbàárà lóhùn. Obìnrin kan ráhùn pé aṣọ fún òun jù, bàbá ní, "Aṣọ ò yí padà o. Kí ìwọ náà rò ó wò."

Ojú oorun ni bàbá kú sí. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin wá palẹ̀ ẹrù mọ́, Aránṣọ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun máa tọ́jú òdòdó náà.

"Òdòdó wo, Àǹtí? Ọjọ́ ti pẹ́ tí ìyẹn ti kú. Bàbá ló sọ fún mi lórí fóònù. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́, pé àwáwí wo làwọn á tún fi máa wá jókòó lọ́dọ̀ yín?"

Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín. "Ewé tuntun! Ó kọjú sí fèrèsé!" Ó rín in títí tí ọmọ olóògbé náà fi bá a rín in. Nígbà tó yá, omijé tó ń nù kì í ṣe ti ẹ̀rín mọ́.

"Bàbá, irọ́ yín mà pọ̀ o," ó ní. "Ta ló bi yín léèrè àwáwí? Èmi gan-an kì í yé wo ọ̀nà títí ẹ ó fi dé."