Ọjọ́ Tí Èmi àti Màmá Ṣa Ìgbín

Òjò dá ní Houston lọ́sàn-án àná. Mo ṣí fèrèsé ilé wa ní Brays Oaks, òórùn ewé tútù sì gbé mi padà sí oko kòkó ìyá ìyá mi, tí mo ń pè ní Màmá.

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà. Omi òjò ṣì ń kán láti orí igi, èmi àti Màmá sì ń ṣa ìgbín. Wọ́n di ọwọ́ mi mú ṣinṣin, wọ́n ní kí n má baà yọ̀ ṣubú ni. Èmi ń kánjú, mo ń fà wọ́n síwájú.

"Ṣé o rí kankan níbẹ̀?"

"Ẹ wò ó, ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ yín."

"Ojú rẹ mà mú o. Bá mi mú un."

Èmi nìkan ni mo ṣa ìgbín kún agbọ̀n. Mo rò pé wọ́n fẹ́ kí inú mi dùn ni. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ojú wọn ti ń fọ́ nígbà náà, wọn ò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí a délé, wọ́n fọwọ́ wá ìlẹ̀kùn, wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi. O mú mi délé."

"Ẹ̀yin lẹ mú mi wálé, Màmá."

Tí mo bá tún lè bá wọn rin ọ̀nà oko yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, n ó rọra rìn.