Aṣọ Yẹ́lò Tí Pátákó Tún Kùn

Pátákó ni gbogbo àdúgbò ń pe ọ̀gá akunlé yìí, kì í sì í ṣe pé wọ́n ń bú u. Láti ìgbà tó ti ń gun àkàbà, bóyá ló fowó ra ẹ̀wù wọ̀ rí. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta ọ̀dà fún un ní ṣẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń ta símẹ́ǹtì fún un ní fìlà, báńkì tí kò ní àkáǹtì kankan níbẹ̀ sì fún un ní agbòjò. Bó bá ń bọ̀ lókèèrè, orúkọ ọlọ́jà lèèyàn ń kọ́kọ́ kà kó tó rí ojú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ a máa bi í pé, "Ẹ̀yin ọkọ mi, ta lẹ̀ ń polówó fún lónìí?" Òun náà a ní, "Ẹni tó bá fún mi láṣọ ni mò ń jẹ́ orúkọ ẹ̀." Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ẹni tó bá rò ó dáadáa á mọ̀ pé kò sí ọ̀fẹ́ nínú aṣọ ọ̀fẹ́. Ẹni tó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ọ lẹ́yìn ti mọ ohun tó ń wá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó sọ bẹ́ẹ̀ fún Pátákó, ọkùnrin tí inú rẹ̀ ń dùn sí fìlà símẹ́ǹtì bí ẹni tí wọ́n fi jọba?

Nínú gbogbo ẹrù ọ̀fẹ́ yìí, ọ̀kan wà tí kì í ṣe yẹpẹrẹ. Ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ìyeyè kan ni, tí ilé-iṣẹ́ ọ̀dà pín fún àwọn akunlé lásìkò ìdíje eré sísá kan. Ó tàn yanran, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè gbé e sáàárín èrò tí ojú kò ní tètè rí i. Orúkọ ilé-iṣẹ́ náà wà láyà rẹ̀, ó tún wà lẹ́yìn rẹ̀, ní lẹ́tà dúdú gbàǹgbà-gbàǹgbà. Ó tóbi fún Pátákó, ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi búrọ́ọ̀ṣì, ó sì bá ìyàwó rẹ̀ mu wẹ́kú. Bó ṣe di ti ìyàwó nìyẹn.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin, ẹlẹ́sẹ̀ yíyá. Ìyá mi ni bàbá rẹ̀ ń pè é. Ọmọ náà mọ eré sá, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ a máa já. Bó bá ti dúró sórí ìlà, ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó sì lè ta kúrò lórí ìlà kí ìbọn ìbẹ̀rẹ̀ eré tó dún. Ìyá rẹ̀ ló wá ọgbọ́n sí i. Á wọ ṣẹ́ẹ̀tì ìyeyè náà lọ, á jókòó síwájú, níbi tí ọmọ ti lè rí i. Á ní, "Kó o tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wá mi. Tó o bá ti rí yẹ́lò, èmi nìyẹn, fọkàn balẹ̀." Ọmọ náà á wá a, á rí i, ọwọ́ rẹ̀ á dúró, á sì sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Pátákó kò tẹ̀ lé wọn lọ rí. Orí àkàbà ló máa ń wà lọ́jọ́ ìdíje, ilé onílé ló ń kùn, ó ní ìdíje mìíràn ṣì ń bọ̀.

Ìyá náà kú lọ́dún tó kọjá. Àìsàn tí wọ́n pè ní ibà lásán ló gbé e lọ. Nínú ìdíje tó tẹ̀ lé ìsìnkú rẹ̀, ọmọ náà dúró sórí ìlà, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí yẹ́lò. Ó ta ṣáájú ìbọn. Nínú eré wọn, ẹni tó bá ta ṣáájú kò rí àforíjì: wọ́n á yin ìbọn kejì láti fi dá gbogbo asáré padà, wọ́n á sì ní kí ẹni tó ṣàṣìṣe náà máa relé. Ó délé, ó kọjú sógiri. Pátákó jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ń fi èékánná ha ọ̀dà tó gan mọ́ ọn lápá. Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń mọ ohun tó yẹ kí wọ́n sọ fún un.

Nígbà tó yá ó ní, "Ìyá mi, èyí tó kàn, èmi ni màá wọ yẹ́lò. Wá mi."

"Bàbá mi, ẹ ò ní lọ síbi iṣẹ́ ni?"

"Ògiri ò lẹ́sẹ̀. Á dúró dè mí."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín àkọ́kọ́ látìgbà tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni Pátákó fi dá ara rẹ̀ ní gbèsè tí kì í ṣe ti owó.

Èyí tó kàn náà kì í ṣe eré kékeré. Ìdíje ńlá ni, tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ń ṣe, nínú pápá ìṣeré tuntun tí gbogbo ìlú ń fi yangàn. Àwọn tó ń kọ́ ẹgbẹ́ asáré orílẹ̀-èdè ti sọ fún ọmọ náà pé bó bá sáré yìí dáadáa, àwọn á mú un. Bí kò bá sá a, tàbí tó tún ta ṣáájú, kò sẹ́ni tó máa wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Wọ́n kó àwọn asáré lọ sí ibùdó, wọ́n sì ní kí wọ́n fi fóònù sílẹ̀. Kí ó tó fi tirẹ̀ sílẹ̀, ó pe bàbá rẹ̀.

"Yẹ́lò o, Bàbá mi."

"Yẹ́lò ni, Ìyá mi."

Pátákó gbé àpótí ìyàwó rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó yọ ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó nà án sórí tábìlì. Àwọ̀ ìyeyè rẹ̀ ṣì ń tàn, ṣùgbọ́n fífọ̀ ti sọ àwọn lẹ́tà náà di jákujàku. Ìdajì ti ṣí, ìdajì ti sán. Akunlé kì í rí ohun tó ṣí kí ó mójú kúrò. Ó ní, "Ṣé irú èyí ni màá gbé lọ síbi tí gbogbo ayé ń wò, kí wọ́n ní ọkọ olóògbé kò tọ́jú aṣọ ẹ̀?" Ó gbé ọ̀dà dúdú elépo jáde, èyí tí wọ́n fi ń kun ilẹ̀kùn, ó mú búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù lọ, ó sì jókòó tì í. Lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, láyà, lẹ́yìn, ó rọra ń kùn ún bí ẹni tó ń tọ́jú egbò. Ó jẹ́ kó gbẹ, ó tún kùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó yí inú aṣọ náà síta, ó rí i pé ọ̀dà ti wọlé, ó ti la aṣọ já. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní ọ̀dà tó wọlé kì í ṣí. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ló ń ṣe é, ìfẹ́ kì í sì í mọ ibi tó yẹ kó ti dúró.

Lọ́jọ́ eré, ó tètè dé. Èrò ti to lẹ́nu géètì bí èèrùn. Ọ̀dọ́bìnrin kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa wo aṣọ èèyàn lọ. Àpótí ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fìlà àti agbòjò tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ èrò kún inú rẹ̀. Bí Pátákó ṣe sún mọ́ ọn ló na ọwọ́ sí i láyà.

"Bàbá, ẹ kú àárọ̀. Ẹ má bínú, aṣọ yìí ò lè wọlé."

"Kí ló ṣe é? Ó mọ́, ọmọ mi. Mo tún un ṣe ni."

"Ó mọ́ o, Bàbá. Iléeṣẹ́ ọ̀dà míì ló gbé owó eré yìí kalẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ rí orúkọ ẹlòmíì nínú pápá. Ẹ ṣáà yí inú ẹ̀ síta, kẹ́ ẹ máa wọlé. Bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe nìyẹn."

Lóòótọ́, ọkùnrin kan níwájú rẹ̀ ti yí ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́tí tirẹ̀ sódì, ó sì ti wọlé. Pátákó rẹ́rìn-ín. Kí ni òdì nínú yẹ́lò? Bí inú bá wà níta, yẹ́lò náà ni. Ó bọ́ ọ, ó yí i, ó tún un wọ̀. Ọ̀dọ́bìnrin náà wò ó, ojú rẹ̀ sì fà ro.

"Bàbá, ó ṣì ń hàn."

Pátákó wo àyà ara rẹ̀. Ọ̀dà ilẹ̀kùn dá dúdú síbẹ̀, lẹ́tà dé lẹ́tà.

"Òdì ni lẹ́tà ẹ̀ kọjú sí, ọmọ mi. Ta ló máa kà á?"

"Èmi kà á, Bàbá."

Ọ̀gá ọ̀dọ́bìnrin náà dé, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù nínú oòrùn. Pátákó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: pé aṣọ ìyá ọmọ òun ni, pé ọmọ òun máa sáré, pé yẹ́lò yìí ló máa wá. Ọ̀gá náà gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, àmọ́ tí mo bá gbà fún yín, iṣẹ́ mi ló máa lọ." Wọ́n fún un ní ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn wà lára rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Pátákó kò dúpẹ́ lórí aṣọ ọ̀fẹ́.

"Ṣé kò sí yẹ́lò nínú èyí tẹ́ ẹ̀ ń pín?"

"Funfun nìkan ni, Bàbá." Ọ̀dọ́bìnrin náà kò ju ṣẹ́ẹ̀tì ìyeyè náà sínú àpótí. Ó ká a, ó fi í sábẹ́ apá. "Màá bá yín tọ́jú ẹ̀."

Pátákó wọlé. Gbogbo èrò pápá náà ló ti gba ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ibi ìjókòó wọn lọ rẹrẹ bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní ẹfun. Ó wá àga síwájú, nítòsí ìlà, ó jókòó, ó sì ń gbàdúrà láìla ẹnu.

Àwọn asáré jáde. Ó rí i. Ó rí bí ọmọ náà ṣe gbé orí sókè tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá òun láti òpin kan dé èkejì. Pátákó ju ọwọ́. Gbogbo èèyàn ló ń ju ọwọ́. Ó pariwo pé, "Ìyá mi! Ìyá mi!" Ariwo fèrè gbé ohùn rẹ̀ mì. Ojú ọmọ náà kọjá lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò dúró. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Àwọn yòókù ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, òun ṣì dúró, ó ń wá.

Àgbàlagbà tó bọ́ra sílẹ̀ ní gbangba, gbogbo wa la mọ orúkọ tí ayé ń pè é. Pátákó náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kì í jẹ́ kí àlejò bá òun láìwẹ̀wù nínú ilé ara rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà, ó jù ú sílẹ̀, ó gun orí àga, ó na apá rẹ̀ méjèèjì sókè. Lára ògiri funfun náà, òun nìkan ló dúdú.

Ọmọ náà rí i. Ó dá Pátákó lójú pé ó rí òun, nítorí ojú wọn ṣe mẹ́rin, ọwọ́ ọmọ náà sì dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sórí ìlà. Ayọ̀ tó wọ Pátákó lára kò ṣeé fẹnu sọ. Ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni àwọn ẹ̀ṣọ́ dì í mú láti ẹ̀yìn.

"Bàbá, ẹ sọ̀ kalẹ̀! Ṣé orí yín pé?"

"Ẹ jẹ́ n wò ó tán! Ọmọ mi ni, ẹ jẹ́ n wò ó tán!"

Wọn kò jẹ́ kó wò ó tán. Wọ́n wọ́ ọ sọ̀ kalẹ̀ gba àtẹ̀gùn, ó ń jà, ó ń bẹ̀ wọ́n, wọ́n gbé e dé ọ̀nà tó gba abẹ́ àwọn ìjókòó jáde sí géètì, nítòsí ọ̀dọ́bìnrin náà àti àpótí rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ìbọn fi dún. Pátákó dúró gbagidi.

"Ẹ dákẹ́! Mo bẹ̀ yín, ẹ dákẹ́!"

Bóyá ohùn rẹ̀ ló bà wọ́n lẹ́rù, wọ́n dákẹ́. Ó tẹ́tí fún ìbọn kejì. Kò dún. Ariwo èrò ló bú jáde lókè orí wọn, ó pọ̀ sí i, ó sì tún rọlẹ̀. Ìbọn kejì kò dún. Ó yíjú sí ọ̀dọ́bìnrin ẹnu géètì.

"Ọmọ mi, ìbọn mélòó lo gbọ́?"

"Ẹyọ kan, Bàbá."

"Ṣó dá ẹ lójú?"

"Ẹyọ kan péré ni."

 Pátákó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí fìlà, láìwẹ̀wù, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Ó ń sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ pé, "Ọmọ mi ò ta ṣáájú. Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín, kò ta ṣáájú." Ọ̀kan nínú wọn kí i kú oríire. Ọ̀dọ́bìnrin náà gbé ṣẹ́ẹ̀tì ìyeyè fún un, ó gbé e lé itan.

Nígbà náà ni ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré bọ̀ lórí símẹ́ǹtì, bàtà eré, tó ń dún kó-kó-kó. Ọmọ rẹ̀ ni, nọ́ńbà ṣì wà láyà rẹ̀.

"Bàbá mi! Kí lẹ ṣe fún wọn? Ṣé wọ́n nà yín?"

Ó ṣubú lé e lọ́rùn. Pátákó gbá a mọ́ra, ó la ẹnu láti bi í pé ipò kelòó ló gbà. Ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn ọmọ náà. Ẹ̀yìn náà gbẹ. Ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Kò sí ẹ̀kán òógùn kan lára rẹ̀. Èémí rẹ̀ kò sì ju ti ẹni tó sáré gba àtẹ̀gùn wá bá bàbá rẹ̀.

Pátákó ní, "Ìyá mi, ìbọn kan ṣoṣo ni mo gbọ́."

"Ìbọn kan náà ni, Bàbá mi." Ó mú ṣẹ́ẹ̀tì ìyeyè náà lórí itan rẹ̀, ó tú u, ó sì ń wọ̀ ọ́ fún un bí wọ́n ṣe ń wọṣọ fún ọmọdé. "Ẹ gbọ́wọ́ sókè. Wọ́n ń wọ́ yín lọ. Nígbà tí ìbọn dún, àwọn yòókù lọ, èmi ò lè kúrò lórí ìlà."