Oògùn Oorun Màmá Mi
Títí dòní, bí mo bá gbọ́ tí hóró oògùn ta pá jáde nínú sáṣẹ́ẹ̀tì, inú á bí mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nílé wa ní Adigbe, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin rí oògùn tí dókítà fún màmá mi, nítorí àyà wọn máa ń já, wọn kì í sì í rí oorun sùn. Ó ń tẹ̀ ẹ́ jáde sínú ṣalángá.

"Oògùn wèrè, nílé àbúrò mi!"

Màmá mi ń bẹ̀ ẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, dókítà ní n ò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì."

Èmi tí mo ṣì kéré rò pé májèlé ló ń dà nù, ọkàn mi sì balẹ̀.

Mo ti wá mọ̀ pé dídá a dúró lójijì ló fa gìrì tó pa màmá mi lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣì wà láyé. Mi ò ní kúnlẹ̀ kí i.