Ìgbà Tí A Lọ Wo Ahoro

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ kò tíì jìnnà. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ka èyí ti ń fi fóònù ya fọ́tò nígbà náà, àmọ́ kò sẹ́ni tó rántí ya fọ́tò ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìgbà ọyẹ́ ni, lọ́dún tí ilé iṣẹ́ kan láti Èkó fẹ́ kọ́ ilé títà sí Ahoro. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, mo sì rò pé mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu ìjà pẹ̀lú. Àmọ́ wọ́n mọ̀ nílùú pé mo ti darí ìyanṣẹ́lódì rí, wọn ò jẹ́ kí n sinmi.

Ahoro wà lẹ́yìn Ayétòrò, lápá ọ̀nà Jóga. Ibẹ̀ ni àwọn bàbá wa tẹ̀dó sí kí wọ́n tó da ọ̀dà sí títì, tí oníkálukú wá kó lọ sẹ́bàá títì. Àwọn ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ ń wó díẹ̀díẹ̀ nínú òjò. Inú yàrá ni wọ́n máa ń sin òkú sí láyé ìgbà yẹn, àwọn òkú ò sì bá wa kó. Ìdí nìyẹn tá a fi máa ń kí Ahoro. Tó o bá dé etí ibẹ̀, wàá ní "Ẹ kú ilé o," wàá sì dúró díẹ̀ kó o tó wọlé. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, àti Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí, kò sẹ́ni tó ń béèrè ìdí.

Ilé iṣẹ́ yìí fẹ́ gé gbogbo ibẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì. Lásún, àbúrò mi, ọmọ bàbá mi, tí ẹbí yàn ṣe olórí, ti fọwọ́ sí i. Ẹni tọ́rọ̀ náà dùn jù ni Màmá Bọ́sẹ̀, àgbà obìnrin kan nínú ẹbí wa. Wọ́n ti darúgbó gan-an, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń fẹ́, pé kí wọ́n sin àwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá wọn ní Ahoro. Orí yàrá tí wọ́n sin màmá wọn sí gan-an ni ọ̀nà tuntun inú àwòrán ilé iṣẹ́ náà gbà kọjá.

"Tíṣà," wọ́n sọ fún mi, "o ò ní jẹ́ kí mọ́tò máa gun màmá mi lórí, àbí?"

Kí ọ́fíìsì ètò ìlú tó fọwọ́ sí àwòrán náà, wọ́n pè wá síjókòó ní gbọ̀ngàn ìlú. Ọ̀gá ọ́fíìsì náà jẹ́ ọkùnrin gíga kan láti Ìjẹ̀bú. Ọmọlúàbí ni, bí mo tilẹ̀ ti múra láti kórìíra rẹ̀ kó tó dé.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti wo àwòrán yìí dáadáa," ó ní. "Kò sí ilé níbẹ̀."

"Ilé wà níbẹ̀," mo dá a lóhùn.

"Ta ló ń gbé inú ẹ̀, sà?"

"Màmá mi ni," Màmá Bọ́sẹ̀ sọ látẹ̀yìn.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ kú ìtọ́jú wọn, Màmá. Ṣé ara wọn le?"

"Wọ́n ti kú kí wọ́n tó bí ẹ."

Lásún dìde kíá. "Ọ̀gá, ẹ má dá wọn lóhùn. Koríko lásán ló wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i."

Inú mi dùn, nítorí mo ti kó èrò jọ síta pẹ̀lú ewé àti orin. Ariwo ni mo fẹ́ fi ṣẹ́gun.

A kọrin láti títì débẹ̀. Katakata ilé iṣẹ́ náà ti kó gbogbo òkìtì ògiri dànù, ilẹ̀ ti tẹ́jú bíi pápá bọ́ọ̀lù ilé ìwé. Ọ̀sán gangan ni, àmọ́ ọyẹ́ ti bo oòrùn, kò sẹ́ni tó ní òjìji nínú wa. Bá a ṣe dé etí ibẹ̀, orin dá lẹ́nu gbogbo wa. Èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n dákẹ́. Màmá Bọ́sẹ̀ ní, "Ẹ kú ilé o." A dúró. Ẹyẹ kan ò ké. Lẹ́yìn náà la wọlé, bí ẹni tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún.

Mo ti rò pé èrò máa fọ́n ká sórí pápá. Ńṣe ni wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn, tí wọ́n gba àárín ilé dé ilé kọjá, níbi tí kò sí ilé kankan. Wọ́n ń yà níbi tí igun ògiri wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń tẹ orí ba lábẹ́ àtérígbà tó ti jẹrà kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn tí wọ́n bí sí Èkó, tí wọn ò rí ògiri kan rí níbẹ̀, àwọn náà ń tẹrí ba.

Lásún ló ṣáájú pẹ̀lú ọ̀gá, tó ń nawọ́ sí koríko. Lójijì ó yà sápá ọ̀tún, ó rìn yí ibì kan po, ó tẹrí ba, ó sì nàró. Ọ̀gá dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ yà fún?"

Lásún wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Mi ò mọ̀."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ilé bàbá wa ni," ó ní, ohùn rẹ̀ sì dà bíi ti ọmọdé.

Ẹ̀rù bà mí. Mo ti dojú kọ ọlọ́pàá rí lórí ọ̀rọ̀ owó oṣù, àmọ́ ẹ̀rù ò bà mí báyẹn rí.

Màmá Bọ́sẹ̀ ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní yàrá màmá wọn. Ọ̀gá ń lọ bá wọn tààrà. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ wọn, òun náà tẹrí ba. Ó dúró sójú kan, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń fọwọ́ wá afẹ́fẹ́ orí fìlà rẹ̀. Kò dé ọ̀dọ̀ wa rí, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé ẹnu ilẹ̀kùn nibẹ̀ yẹn.

"Màmá," ó sọ jẹ́jẹ́, "ẹ kú ilé o."

Wọ́n tún àwòrán náà yà. Ọ̀nà yí yàrá yẹn po, ẹ lè lọ wò ó. Màmá Bọ́sẹ̀ wà níbẹ̀ lónìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá wọn, inú mi sì ń dùn sí i títí di báyìí. Ohun tá a rí gbà nìyẹn. Ìyókù di púlọ́ọ̀tì, nítorí Lásún ti fọwọ́ sí i, òfin sì wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ náà. Lásún kì í gba ibẹ̀ mọ́. Tó bá ń lọ sí Jóga, ọ̀nà Ìmàṣàyí ló máa ń gbà yí ká. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, obìnrin kan tó ra ilé síbẹ̀ wá bá mi, tíṣà bíi tèmi, àlejò ni nílùú wa.

"Bàbá, wọ́n ní ẹ mọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àjà kíṣìnnì mi ga dáadáa, àmọ́ kò sẹ́ni tó wọ ibẹ̀ tí kì í tẹrí ba láàárín ẹ̀. Ọkọ mi ń ṣe é. Pásítọ̀ tó wá gbàdúrà sílé ṣe é."

Mo bi í léèrè ibi tí ilé rẹ̀ wà gan-an. Ó júwe rẹ̀. Ẹnu ilẹ̀kùn ilé bàbá mi ni kíṣìnnì náà bọ́ sí. Mo ní kó máa kí wọn tó bá fẹ́ wọlé.

"Ta ni kí n máa kí, sà?"

Orúkọ bàbá mi ni mo kọ́kọ́ dá, lẹ́yìn náà àwọn ìyàwó wọn. Nígbà tó kan àwọn ọmọdé tí wọ́n sin sídìí àárò, mo rí i pé mo ti gbàgbé orúkọ wọn, obìnrin náà sì ń wo ẹnu mi.