Dókítà Tí Àlímátù Lè Bá Sọ̀rọ̀

Ẹni tó bá ń wá síìpù tí kì í tètè já, tàbí bọ́tìnnì tó bá aṣọ rẹ̀ mu, ní ọjà Ìtòkú, ọ̀dọ̀ Àlímátù ni wọ́n máa júwe fún un. Ìsọ̀ rẹ̀ kéré, àárín àwọn tó ń ta kàm̀pálà ló wà, àmọ́ òwú tó tò síbẹ̀ pọ̀ débi pé bí oòrùn ọ̀sán bá ta sí wọn, ògiri á máa dán bí ìyẹ́ ẹyẹ. Èmi ni mo kọ́ ọ ní Yorùbá ní ilé ìwé girama. Kì í pariwo, ó sì máa ń gba àtúnṣe láì fajú ro. Ìdílé mùsùlùmí tó ti ń tajà ní Ìtòkú láti ìgbà àwọn bàbá ńlá ni wọ́n bí i sí, irú ìdílé bẹ́ẹ̀ náà ló sì fẹ́ ọkọ sí.

Kì í ṣe ọjà nìkan ló ń tà. Àwọn obìnrin a máa gbé aṣọ wá bá a, wọn a ní, "Ìyá Haleemah, télọ̀ wo ni kí n gbé e fún?" Kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ bi wọ́n pé kí ni télọ̀ àtijọ́ ṣe tí wọ́n fi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣé ó máa ń pẹ́ ni, àbí kì í fetí sílẹ̀ bí wọ́n bá ní apá aṣọ há? "Télọ̀ tó mọṣẹ́ pọ̀ ní Abẹ́òkúta," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. "Èyí tó máa gbọ́ tìrẹ ni ká wá."

Lẹ́yìn tó bí Àmínù, ọmọ rẹ̀ kẹta, ni ayé bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà sí i. Àwọn kan lọ́jà ní orí rẹ̀ ti dàrú. Kò rí bẹ́ẹ̀, mo sì sọ fún ẹni tó sọ ọ́ lójú mi pé kó má tún un sọ. Orí rẹ̀ pé. Ó mọ ọjọ́, ó mọ orúkọ oníbàárà, ó mọ ibi tí gbogbo òwú wà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé gbogbo nǹkan dà bí ohun tí wọ́n rì sínú omi: ó ń rí wọn, ọwọ́ rẹ̀ kò tó wọn. Bí Haleemah, àkọ́bí rẹ̀, bá ń bá a sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ náà á dà bí èyí tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. Ní àárọ̀ ọyẹ́, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìkùukùu á ti bo Olúmọ mọ́lẹ̀, àwọn òrùlé páànù tó ti pọ́n á máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan ní ìsàlẹ̀, á sì máa wò wọ́n bí àlejò ṣe ń wo ìlú onílùú. Nígbà mìíràn á máa rò ó pé bóyá òun gan-an ni ìkùukùu náà, pé bí oòrùn bá mú díẹ̀ sí i, òun kò ní sí níbẹ̀ mọ́.

Èyí tó wúwo jù, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà. Bí wọ́n bá gbé Àmínù lé e lọ́wọ́, ó máa ń ṣe é bíi pé ọmọ ẹlòmíràn ni, pé ẹnì kan kàn ní kó bá òun gbé e díẹ̀ ni, tí ẹni náà kò sì padà wá. Ó ń fún un lọ́mú. Ó ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀. Ó sì ń dúró de ìyá ọmọ náà. Ẹ̀rù ń bà á pé bí ó bá ń lọ báyìí, ọmọ náà yóò dàgbà lójú òun láì ní ìyá.

Ta ni ì bá sọ ọ́ fún? Mùs'áb, ọkọ rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ìdájí ló ń lọ wọ reluwé ní Láderin, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó dé. Ẹni tó wà nílé ni ìyá ọkọ rẹ̀, Àlàájà Àfúsá, tí wọ́n wá láti agboolé láti máa wẹ ọmọ. Wọ́n fẹ́ràn Àlímátù dénú. Àmọ́ ìyàwó wo ni yóò la ẹnu níwájú ìyá ọkọ kó ní, "Ó ń ṣe mí bíi pé ọmọ yìí kì í ṣe tèmi"? Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ mọ ohun tí etí ìyá ọkọ lè gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àlàájà ló kọ́kọ́ rí i pé kò sùn mọ́. Wọ́n mú un lọ sí ọsibítù aládàáni kan ní Ìbarà. Nílé wa níbí, bí àgbà bá bá aláìsàn lọ sọ́dọ̀ dókítà, àgbà ló ń ro ẹjọ́. Ara ọmọ ni àìsàn wà, ẹnu ìyá ló ń gbà jáde. A kà á sí ẹ̀kọ́ ilé, a kì í sì í ronú pé ó lè pa èèyàn lára.

"Kí ló ń ṣe yín, ma?" Àlímátù ni dókítà bi.

"Kò sùn, dókítà," Àlàájà dáhùn. "Oorun ti sá lójú ẹ̀. Orí ẹ̀ ń gbóná, ó ń ronú, kò jẹun. Ẹ wo ọrùn ẹ̀ bí ọrùn lékeléke."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Àlímátù wí.

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Dókítà náà kò ṣìṣe. Ohun tí wọ́n sọ fún un ló tọ́jú. Ó fún un ní oògùn oorun, Àlímátù sì sùn, oorun jíjìn tí kò ní ìsàlẹ̀, tí kò sí àlá nínú rẹ̀. Nígbà tó jí, ọmọ ẹlòmíràn ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mùs'áb wá ní kí àwọn lọ rí dókítà ọpọlọ. Àlàájà fò dìde. "Àrò? Ìyàwó mi? Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́!"

Ó yẹ kí n dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀. Àdúgbò ni Àrò. Àwọn èèyàn ń gbé ibẹ̀, wọ́n ń tajà, wọ́n ń gbéyàwó. Nítorí ọsibítù ọpọlọ tí gbogbo ayé mọ̀, tó wà níbẹ̀, ni àwa ará Abẹ́òkúta ṣe sọ orúkọ náà di èébú. Mo ti bá ọmọ ilé ìwé wí lórí rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ibi tí wọ́n ti ń wo èèyàn sàn kì í ṣe èébú. Àmọ́ Àlàájà kò sí ní kíláàsì mi.

Nítorí náà, Mùs'áb wá dókítà kan ní Èkó tó ń rí èèyàn lórí fóònù, pẹ̀lú àwòrán. Àlímátù jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, Àlàájà jókòó tì í, wọ́n sì ki orí bọ iwájú fóònù.

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ń rí mi?"

Dókítà fi òyìnbó dáhùn.

"Kí ló wí?"

"Ó ní òun ń rí yín, Màmá."

"Kó sún mọ́ iná, èmi ò rí i. Ọmọ ta ni? Ó mà kéré o! Ṣé ó ti gbéyàwó?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

Ará ìpínlẹ̀ mìíràn ni dókítà náà, Yorùbá rẹ̀ kò ju ti ìkíni lọ. Àlímátù gbọ́ òyìnbó, ó lọ sí pólì, àmọ́ ohun tó ń ṣe é kò tíì ní òyìnbó. Bí dókítà bá bi í ní ìbéèrè, á wo ojú Àlàájà, á ní bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Olóòótọ́ èèyàn ni ọkùnrin náà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ parí, ó ní ó dá òun lójú pé ọ̀rọ̀ kan wà tí òun kò lè gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, pé kó wá ẹni tó máa lè bá sọ ọ́, àti pé dókítà kì í bínú sí irú ẹ̀. Èyí ya Àlímátù lẹ́nu. Ó ti rò pé dókítà dà bí ọkọ, pé bí èèyàn bá ti yan ọ̀kan, ìwà ọ̀dàlẹ̀ ni kó tún máa wo ojú òmíràn.

Lẹ́yìn èyí ni mo yà ní ìsọ̀ rẹ̀ lọ ra òwú.

"Ma, mò ń wá dókítà," ó wí.

"Irú dókítà wo?"

"Dókítà ọpọlọ." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń gbẹ́sẹ̀ lé àpáta tó tutù.

Mo ní, "Kí ni àwọn ti tẹ́lẹ̀ ṣe tó o fi kúrò lọ́dọ̀ wọn?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè tirẹ̀ ni mo bi í, ó sì ti pẹ́ tí mo ti rí ẹ̀rín lójú rẹ̀. Ó ní ti àkọ́kọ́ kánjú, ti èkejì kò gbọ́ Yorùbá. Ó fẹ́ obìnrin. Kó má sún mọ́ Ìtòkú.

"Kí ló tún kù?"

Ó ń yí òwú aláwọ̀ ewé kan lọ́wọ́, kò wo ojú mi. "Ó ku èyí tí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ma."

Mo wádìí lọ́dọ̀ olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ti gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ rí, ó sì dárúkọ Dókítà Ìlérí, lọ́nà Alábàtà. Mo tún wádìí bóyá dókítà ọpọlọ ni lóòótọ́, nítorí kò sí ẹni tí kò lè gbé pátákó kọ́. Òótọ́ ni.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n lọ. Mùs'áb dúró ti àwọn ọmọ tó kù. Àlàájà gbé Àmínù, ta ni yóò ní kí wọ́n má lọ? Ọkọ̀ jáde nílùú, àwọn òkúta ńláńlá ń kọjá nínú koríko bí agbo ẹran tó ń sùn, oko ẹ̀gẹ́ ń kọjá, ojú ọ̀run funfun, kò sí ohun tó ń dún létí Àlímátù bí kò ṣe afẹ́fẹ́. Ó ní ì bá wu òun kí ọ̀nà náà má lópin.

Dókítà Ìlérí kúnlẹ̀ kí Àlàájà, ó sì jẹ́ kí wọ́n rojọ́ tán pátá: oorun, orí gbígbóná, ọrùn lékeléke. Gbogbo ìgbà tó bá bi Àlímátù ní nǹkan, ó rí i pé ojú Àlàájà ni obìnrin náà ń kọ́kọ́ wò.

"Ẹ ṣeun, Màmá," ó wí. "Mo ti gbọ́ tiyín. Ó ku ti ìyàwó yín."

"Mo ti sọ tiẹ̀ náà mọ́ ọn."

"Ẹ sọ ọ́ dáadáa, ma. Ohun tí ẹ rí ni ẹ sọ. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò rí ni mò ń wá."

Ojú Àlàájà le. "Ṣé ohun kan wà tí ìyàwó mi á sọ fún àjèjì, tí ò ní lè sọ lójú mi?"

"Ó lè wà, ma. Ìyá ọkọ tèmi ń gbàdúrà fún mi ní gbogbo ọjọ́ ayé. Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni mò ń sọ fún wọn."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Àlàájà láì rò ó. "Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu ẹ mú." Wọ́n yíjú sí Àlímátù. "Ṣé kí n jáde?"

Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, kò ní kí ìyá ọkọ rẹ̀ dìde rí. "Rárá, Màmá, ẹ jókòó" ti wà ní ètè rẹ̀. Ó wo Àmínù. Ọmọ náà ti jí, ó ń yí orí kiri ní èjìká Àlàájà, ó ń wá ẹnì kan.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá," ó wí. "Ẹ jáde."

Ilẹ̀kùn sé. Lẹ́yìn fèrèsé, ewé kaṣú ń mì lọ, ó ń mì bọ̀. Àlímátù gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bíi pé ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá kejì: "Ó ń ṣe mí bíi pé èmi kọ́ ni mo bí ọmọ yẹn. Mò ń dúró de ìyá ẹ̀."

Dókítà kò ta gìrì. Ó bi í bóyá ó ń ṣe é bíi kó pa ọmọ náà lára, tàbí kó pa ara rẹ̀ lára. Àlímátù ní rárá.

"Àìsàn ni," ni dókítà wí. "Ó máa ń bá àwọn ìyá kan lẹ́yìn ìbímọ. Kì í ṣe pé ẹ burú, kì í sì í ṣe pé ẹ ò fẹ́ràn ọmọ yín. Ẹni tí ò fẹ́ràn ọmọ kì í sunkún báyìí nítorí ẹ̀." Àlímátù kò tíì mọ̀ pé òun ń sunkún. Dókítà kò ṣèlérí pé kíá ni àìsàn náà yóò lọ. Ó sọ oògùn tí ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú lè lò, ó sì ní kó máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí àwọn jọ máa sọ̀rọ̀.

Àlàájà kò béèrè nǹkan kan títí ọkọ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ìlú.

"Mo bínú níta yẹn," wọ́n wí. "Àmọ́ ọmọ sùn, mi ò rí ẹni tí màá fi ìbínú hàn. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣé kí n ṣì bá ọ wá?"

"Ẹ bá mi wá, Màmá."

"Kí n sì jókòó síta?"

"Ẹ jókòó síta, ma."

"Kí wọ́n yáa wá àga gidi fún mi o. Bẹ́ǹṣì yẹn fẹ́ gé mi nídìí."

Mùs'áb ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ káàbọ̀, Màmá. Kí ni dókítà wí?"

Àlàájà la ẹnu, wọ́n tún pa á dé. "Ṣé èmi ló ń ṣàìsàn? Bi ìyàwó ẹ."

Ó bi í. Àlímátù tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Mùs'áb sún fún un lórí àga, ó ní, "Jókòó. Sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ó ṣì ń lọ sọ́dọ̀ Dókítà Ìlérí. Ọjọ́ mìíràn wà tí ìkùukùu ṣì máa ń bò ó. Àmọ́ lọ́jọ́ kan tí mo wà ní ìsọ̀, Àmínù fi igbe ta lórí ẹní, obìnrin tó wá ra bọ́tìnnì sì bẹ̀rẹ̀ láti gbé e.

"Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi, ma," ni Àlímátù wí, ó ti ń sọ òwú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Mo mọ ohun tó ń fẹ́."