Ó-Ti-Ṣẹlẹ̀ àti Ìwé Ìròyìn Tí Kì í Ṣe Àtúnṣe

Níbi ìgbéyàwó ọmọ oníbúrẹ́dì ni òkìkí olóògbé olóòtú ìwé ìròyìn ìlú ti kàn. Àlùfáà ò tíì gbàdúrà tán tí olóòtú náà fi dìde láti ìjókòó ẹ̀yìn, tó yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ síwájú, tó sì sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí ìyàwó létí.

"Ìyàwó wa, ẹ dákun, ẹ sunkún díẹ̀."

Ìyàwó ní kí ló dé, ṣé ẹnìkan kú ni?

"Rárá o. A ti kọ ọ́ pé ẹ sunkún ayọ̀. Ìwé ti wà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á."

Ni ìyàwó bá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Olóòtú padà sí ìjókòó, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Omijé ṣáà ni omijé.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ ló fà á. Arúgbó ni ẹ̀rọ náà, á wúkọ́ fún ọjọ́ méjì gbáko kó tó pọ ìwé jáde. Sátidé nìwé sì gbọ́dọ̀ jáde, ọjọ́ tí ìlú ń ṣe gbogbo nǹkan tó bá fẹ́ ṣe. Ni olóòtú bá ń kọ ìròyìn ní Ọjọ́bọ̀, á wá máa sáré kiri ní Sátidé kó lè ṣẹ. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ó-Ti-Ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí káńsẹ́lọ̀ fẹ́ ṣí ẹ̀rọ omi ọjà, ìwé ti ní omi tú yàà. Káńsẹ́lọ̀ yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ẹ̀rọ kàn ń mí hẹlẹ bí ẹni tó ń gun òkè. Ó-Ti-Ṣẹlẹ̀ ti wà lẹ́yìn ògiri pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, ó ń da omi sínú páìpù. Omi tú yàà lóòótọ́, káńsẹ́lọ̀ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀. Títí dòní, omi mìíràn ò gba ibẹ̀ jáde mọ́.

Ìyàwó olóòtú, tó máa ń ká ìwé náà sí méjì-méjì lórí tábìlì ìjẹun kí wọ́n tó tà á, ò fara mọ́ ọn. Onígbàgbọ́ ni, irọ́ máa ń yún un lára. Àtúnṣe kan péré ló ń bẹ̀bẹ̀ fún, nísàlẹ̀ ojú ewé kẹrin, pé a ṣì í.

"Bàbá, Ọlọ́run tó ní kí ìmọ́lẹ̀ wà, ó kọ́kọ́ wò ó kó tó ní ó dára."

"Ọlọ́run ò lo ẹ̀rọ tó ń wúkọ́. Ìwé mi ò ṣe àtúnṣe rí, Ìyá. Ayé ni kó tún ara rẹ̀ ṣe."

Àìsàn dá Bàbá wólẹ̀, kò sì jẹ́ kó dìde mọ́. Nígbà tó dákẹ́, atẹ̀wé tó ń bá a ṣiṣẹ́ gbé ìwé Sátidé wá fún opó, ọ̀rọ̀ tí Bàbá fúnra rẹ̀ pè fún atẹ̀wé kọ lórí ibùsùn àìsàn ló wà níwájú: "Olóòtú wa ti sùn nínú Olúwa. Wọ́ọ́rọ́wọ́ ló lọ. Ìyàwó rẹ̀, obìnrin bí ọkùnrin, kò sunkún."

Atẹ̀wé wólẹ̀, ó ní kí Ìyá ṣàánú àwọn, kí wọ́n má sunkún, kí wọ́n má ba ìwé Bàbá jẹ́ lọ́jọ́ ìkẹyìn.

Ìyá gbìyànjú. Létí sàréè, ó gbé orí sókè, ó fi eyín di ètè mú, gbogbo ìlú sì ń wò ó, ìwé lọ́wọ́, bí ẹní ń wo bọ́ọ̀lù. Àfi ìgbà tí iyẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́ dún lórí pósí. Igbe tó ké, àwọn tó wà lójú títì gbọ́.

Ní Sátidé kejì, àwọn èèyàn ṣí ojú ewé kẹrin, wọ́n sì rí ohun tí ojú wọn ò rí rí nísàlẹ̀ ibẹ̀. Ìyá fúnra rẹ̀ ló ní kí atẹ̀wé kọ ọ́, òun náà ló sì ká gbogbo rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, lórí tábìlì ìjẹun:

"Àtúnṣe. Ìyàwó rẹ̀ sunkún. A ṣì í."